Tábìlì Àwọn Ọmọge Oṣù Keje

Kéèkì ni mo ń ṣe tà ní Ìbàdàn kí n tó bá ọkọ mi kó lọ sí Guangzhou. Ọwọ́ mi ti mọ́ ṣúgà tí a fi ń ṣe òdòdó sórí kéèkì ìgbéyàwó, àti ewé rẹ̀ àti ìrì tó sẹ̀ sí i lára. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi amọ̀ ṣe ìpanu ilẹ̀ Ṣáínà, tí odindi àwo oúnjẹ wọn kò tó èékánná àtàǹpàkò, kò yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ẹni tí mo bá bi, yóò ní ohun tuntun ni, Japan ló ti wá, fóònù ló sì gbé e dé. Mo ti pẹ́ tó nílùú yìí láti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ yìí ní ìtàn, ìtàn náà gùn, àwọn obìnrin Guangdong, ìpínlẹ̀ tí ìlú yìí wà, ló sì ni ibi tó dùn jù nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ìyìn lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìpanu kan wà tí àwọn ará Guangzhou ń pè ní haa gaau. Edé tútù ni, ìyẹ̀fun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń dì í, ooru omi ni wọ́n sì fi ń sè é nínú agbọ̀n ọparun. Bí ó bá jinná, ara rẹ̀ á mọ́ gaara débi pé a ó máa rí pupa edé láti ìta. Sítáàṣì àlìkámà ló fún un ní ara tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilé tíì kékeré kan ní abúlé Wufeng, ní gúúsù odò Pearl. Lónìí, ilé tíì tí kò bá ní haa gaau, ẹ má wọ ibẹ̀. Alásè tó mọṣẹ́ kì í fi igi yí ìyẹ̀fun rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ ńlá tó ti fi òróró pa ló fi ń tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà á wá fi ìka ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po ní bí ìgbà méjìlá.

Amọ̀ ni èmi fi ń ṣe haa gaau tèmi báyìí, kò sì ju mìlímítà 4 lọ, nítorí ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé ni kí ohun tí a bá ṣe jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 12 ohun gidi. Mo máa ń po amọ̀ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá mọ́ funfun díẹ̀, n ó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń gbé edé sí i láàárín, amọ̀ rúsúrúsú kan tí kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ. Kí n tó pa á dé, n ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fi àwọ̀ pupa díẹ̀ kan edé náà lẹ́yìn, torí edé tó jinná kì í pọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn èyí ló kan ìṣẹ́po. N ó dá èémí dúró, n ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, n ó mí, n ó tún dá èémí dúró. Ibí yìí ni a ti ń dá ẹni tó ti jẹ haa gaau mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn rí àwòrán rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ìṣẹ́po wà, ẹ̀gbẹ́ kejì ń dán ni. Ó di inú ààrò oníná, ní ìgbóná tó kéré sí ti búrẹ́dì dáadáa. Bí ó bá jáde, n ó fi òróró ìdánra pa á, kó lè dà bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò. Agbọ̀n rẹ̀ ń kọ́? Ọparun ni, tí mo là tẹ́ẹ́rẹ́, tí mo rẹ sínú omi gbígbóná, tí mo sì ká mọ́ ara ìdérí bírò. Ọ̀nà Yide ni mo ti ń ra ọ̀pọ̀ ohun èlò mi, níbi tí ìsọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé àti ìsọ̀ ẹja gbígbẹ ti fara kan ara wọn.

Òkú ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe oúnjẹ kékeré fún ní Ṣáínà. Ní àsìkò àwọn ọba Han, láti ọdún 206 ṣáájú ìbí Jésù títí di ọdún 220 lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n máa ń fi ilé amọ̀ kékeré, àká, kànga àti ààrò kékeré sin ènìyàn. Bí ẹ bá rí irú ààrò bẹ́ẹ̀ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Amọ̀kòkò á gbé ìkòkò ka ojú ihò rẹ̀, á tún wá mọ ẹja àti ìgbakọ mọ́ ọn lórí, kí olóògbé má baà wá oúnjẹ tì níbi tó ń lọ. Ní Astana, ìtẹ́ òkú àtijọ́ lẹ́bàá Turpan ní Xinjiang, ilẹ̀ gbẹ débi pé oúnjẹ gan-an kò jẹrà. Àwọn awalẹ̀ hú jiaozi, ìpanu ìyẹ̀fun tí wọ́n di nǹkan sí nínú, jáde níbẹ̀ láti àsìkò àwọn ọba Tang, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, àti àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ ọnà òdòdó sí lára. Wọ́n tún rí ère ènìyàn àti ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun mọ.

Ti alààyè ló wù mí jù, Kaifeng ni mo sì ti rí i kedere. Kaifeng ni olú-ìlú àwọn ọba Song kí àwọn ọmọ ogun Jurchen tó gbà á ní ọdún 1127. Ọ̀kan nínú àwọn tó sá lọ sí gúúsù ni Meng Yuanlao. Ó ń dàgbà lọ, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí gúúsù kò mọ irú ìlú tí Kaifeng jẹ́. Ló bá kọ ìwé kan nípa rẹ̀, Dongjing Meng Hua Lu, tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1147. Kì í ṣe ogun ló jókòó tì. Ó kọ nípa ọjà, ó kọ nípa ilé oúnjẹ, ó kọ ohun tí wọ́n ń tà lóru àti ohun tí wọ́n ń jẹ ní àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan. Ìlú ti bọ́, ó wá ń ka ìpanu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó má baà bọ́ lọ́kàn àwọn ènìyàn.

Nígbà tó dé orí oṣù keje, ó ní àwọn ará Kaifeng máa ń fi òróró, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti oyin ṣe ìpanu tí wọ́n mọ bí ojú ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ra ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ yóò bá méjì níbẹ̀ tó gbé aṣọ ogun wọ̀, bí àwọn òrìṣà tí wọ́n ń ya àwòrán wọn sí ẹnu ọ̀nà. Ó tún ní wọ́n máa ń da erùpẹ̀ sórí pákó kékeré, wọ́n á gbin jéró sí i kó hù, wọ́n á wá to ahéré, igi, òdòdó àti àgbẹ̀ kéékèèké sí i títí yóò fi di abúlé. Ó ti lé ní ọdún 850 tó ti kọ èyí. Bí ẹnìkan bá gbé pákó yẹn wọ ibi ìpàtẹ wa lónìí, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù keje? Ìtàn Zhinü ni. Zhinü jẹ́ ọmọ ọ̀run, iṣẹ́ aṣọ híhun ló ń ṣe. Ó fẹ́ darandaran kan láyé, wọ́n yà wọ́n, wọ́n sì fi odò ìràwọ̀ sí àárín wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lóru ọjọ́ keje oṣù keje nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá, àwọn ẹyẹ á kó ara wọn jọ di afárá kí tọkọtaya lè ríra. Lóde òní àwọn onílé ìtajà ti sọ ọ́ di ọjọ́ olólùfẹ́, òdòdó àti ṣokoléètì ni wọ́n ń polówó. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí àwọn ọmọge ń bẹ Zhinü fún láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọwọ́ tó mọṣẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń gbé síwájú rẹ̀ kó wò ó.

Kò síbi tí wọ́n ti gbé e débi tí àwọn obìnrin Guangdong gbé e dé. Òru ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Qiniang ni wọ́n sì ń pe Zhinü. Àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ á dá owó jọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n á to tábìlì mọ́ tábìlì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á wá pàtẹ. Bàtà tí wọ́n fi òwú kọ ọnà sí, kò ju orí ìka lọ. Ìbòrí ibùsùn, abẹ̀bẹ̀, áńkáṣíìfù, gbogbo rẹ̀ bíńtín. Afárá àti ilé gogoro wà níbẹ̀ tí wọ́n fi yànmọ̀tí àti ìrẹsì lẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan. Èso àti òdòdó wà tó jẹ́ pé kò sí èyí tí igi so nínú wọn, ọwọ́ ló ṣe gbogbo wọn. Irúgbìn ìrẹsì tí wọ́n rẹ sínú àwo títí tó fi hù á dúró láàárín, wọ́n á fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í lámùrè. Ẹ rántí jéró tó ń hù lórí pákó ní Kaifeng. Àṣà kan náà ló sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, àlejò á máa ti ilé bọ́ sí ilé, wọn á máa wò, wọn á máa fi ti ilé yìí wé ti ilé kejì. Àwọn ọmọge náà á máa fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lábẹ́ òṣùpá. Èyí tó bá lọ́kọ láàárín ọdún yóò wá dágbére fún Qiniang ní àjọ̀dún tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó rẹ̀, yóò sì kúrò lẹ́gbẹ́. Mo máa ń ro ti ìdágbére yìí. Ọwọ́ tó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ yànmọ̀tí, ẹ̀yìn ìgbéyàwó, ìkòkò àti ìlédìí ọmọ ló kù fún un. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan, iṣẹ́ wọn kò sì pẹ́ láyé, torí ìrẹsì àti bébà ni wọ́n fi ṣe é.

Ìyá àgbà kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, Po-po ni gbogbo wa ń pè é, èmi náà sì máa ń kúnlẹ̀ kí i títí ó fi mọ́ ọn lára. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi yànmọ̀tí ṣiṣẹ́, bí òun náà ti rí i lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn á ṣà á: èyí tó tóbi lọ́tọ̀, èyí tó rí ṣóńṣó lọ́tọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi di àtè ni gọ́ọ̀mù wọn. Ẹ̀rún ọparun ni wọ́n fi ń fọwọ́ kan àtè náà, wọn á fi gbé hóró kan, wọn á tò ó kí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ibì kan náà. Nígbà tí mo fi ẹ̀mú kékeré mi hàn án, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó dá a padà, ó ní kí n máa lo ọparun, torí irin á fọ́ hóró náà. Òótọ́ ni. Àkàrà yànmọ̀tí tí mo ń ṣe lónìí, èyí tí wọ́n ń yí sínú yànmọ̀tí kí wọ́n tó dín in, ẹ̀rún ọparun ni mo fi ń to ti ara rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin Guangdong náà ṣe tiwọn, tiwọn ló sì wọ ààfin. Ní ọdún 1737, Chen Zuzhang, ọmọ Guangdong tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọnà ọba ní Beijing, gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan láti ara kóró ólífì kan ṣoṣo. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.6, gígùn rẹ̀ 3.4. Ènìyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, ó ń tì. Ọ̀rọ̀ tó lé ní 300 ni wọ́n gbẹ́ sí ìdí ọkọ̀ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ààfin ní Taipei ló wà báyìí. Òkúta tó jọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísè wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé kan náà, awọ rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ àti ẹran rẹ̀ pé, gíga rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ojoojúmọ́ ni èrò ń tò láti wo òkúta yẹn. Mo gbà pé ó dára. Àmọ́ ìrísí òkúta náà ló ran ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ́wọ́. Ọmọge tó ń fi ìrẹsì ṣe ilé gogoro, òfìfo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ti àríwá. Ní Beijing àti Shandong, iṣẹ́ òde ni, àwọn ọkùnrin ló pọ̀ nídìí rẹ̀. Oníṣẹ́ ìyẹ̀fun á gbé àpótí rẹ̀ kọ́ èjìká, á dúró nígun òpópónà, á fi fúláwà àti ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ ọba, ọ̀bọ tàbí jagunjagun sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọmọdé. Oyin ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà rọ̀, iyọ̀ kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Lang Shao'an, tí wọ́n bí ní 1909 tó sì kú ní 1992, ló gbé iṣẹ́ yìí kúrò ní ohun ìṣeré. Ọwọ́ Zhao Kuoming ló ti kọ́ ọ. Èèpo èso kan tó jọ awùsá wa ló ń là sí méjì, á wá to òpópónà Beijing àtijọ́ sí inú rẹ̀: ẹni tó ń gbé ìpanu kiri, onígbàjámọ̀, àwọn oníṣẹ́ òòjọ́ tó mọ̀ láti kékeré. Bing Xin, òǹkọ̀wé obìnrin tí gbogbo Ṣáínà mọ̀, lọ bá a ní àwọn ọdún 1950, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní 2008, ìjọba fi iṣẹ́ ìyẹ̀fun ìdílé Lang sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo bá rí fídíò ọ̀dọ́ kan tó ṣe kẹ̀kẹ́ onípanu sínú èèpo èso báyìí, tí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì dárúkọ Lang, inú mi kì í dùn.

Mo ní n ó fi ìyìn fún ẹni tó ni ín, nítorí náà n kò ní fi ti àwọn àjèjì dù wọ́n. Ìwọ̀n ìdá 12 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ilé bèbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà la ti gbà á. Ìwọ̀n yẹn ni ayàwòrán ilé Edwin Lutyens fi ṣe ilé bèbí tí wọ́n kọ́ fún Ayaba Mary, tí wọ́n parí ní 1924. Obìnrin Jámánì kan, Sophie Rehbinder-Kruse, ọmọ Käthe Kruse tó ń ṣe bèbí, ló wá amọ̀ tí a lè yan nínú ààrò ilé wa jáde. Ilé iṣẹ́ Eberhard Faber gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1964, òun ni ayé mọ̀ sí Fimo. Àwọn ará Japan ló sọ oúnjẹ kéékèèké di ọjà tí ọmọdé ń kó jọ, ọwọ́ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà sì ti gba orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí lónìí, shiwan. Èyí tó jẹ́ tiwọn nìyẹn. Ìwọ̀n, amọ̀ àti orúkọ. Ẹni tó bá wá sọ pé àwọn ló kọ́ obìnrin Guangdong bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun kékeré, irọ́ ló pa.

Ohun tó dá ìtàn náà dúró ni ìjọba tó pe àjọ̀dún Qiniang ní ìgbàgbọ́ asán. Ó ti ń rọlẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Nígbà tí Ìyípadà Àṣà bẹ̀rẹ̀ ní 1966, kò sẹ́ni tó jẹ́ to tábìlì mọ́ ní gbangba. Àwọn ọmọge tó yẹ kó kọ́ ọ di ìyá láì kọ́ ọ. Ìran kan fò. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi gbà pé Japan ló ti wá: nígbà tí wọ́n lajú, òun nìkan ni wọ́n rí.

Zhucun ló gbé e dìde. Abúlé ni Zhucun jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní agbègbè Tianhe nínú Guangzhou, ilé gogoro ti yí i ká báyìí. Ní 1998, àwọn ìyá àgbà bíi mélòó kan níbẹ̀ tún to tábìlì, torí wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kékeré. Wọn ò dúró de àṣẹ. Ní 2005, ìjọba ìlú sọ ọ́ di àjọ̀dún ńlá. Ní 2011, wọ́n fi sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Mo ti dúró níwájú tábìlì wọn. Yànmọ̀tí wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń tà fún ọmọ iléèwé náà ti wọ ibẹ̀, wọ́n fi ṣe èso líṣì àti àwo ìpanu. Àwọn kan ń ráhùn pé amọ̀ oníke kò sí nínú àṣà. Èmi rò pé ohun tó bá dé ọwọ́ ni wọ́n ti ń lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ká ní wọ́n rí Fimo ní 1147, wọn ì bá ti lò ó.

Ohun tó so mí mọ́ iṣẹ́ yìí ju ẹwà rẹ̀ lọ ni àwọn ìpanu tí ìlú yìí ti pàdánù tàbí tó fẹ́ pàdánù. Ní Xiguan, agbègbè àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Guangzhou, ọkùnrin kan á gbé àpótí ńlá tí wọ́n ṣe bí èso ólífì kọ́ ara, á máa fun fèrè kọjá lábẹ́ fèrèsé àwọn ènìyàn. Ólífì tí wọ́n fi ṣúgà àti èròjà pa ló ń tà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á yọjú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á ju owó sílẹ̀. Ọlọ́jà á ju ólífì tí wọ́n fi bébà wé sókè, á sì bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí bó ṣe ń fò yìí ni wọ́n fi ń pè é ní ólífì ọkọ̀ òfuurufú. Ní Lizhiwan, ní agbègbè kan náà, inú ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n fi ẹja, edé àti ẹ̀pà sí. Omi Lizhiwan dọ̀tí, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ní 1992, wọ́n sọ ọ́ di títì. Ní 2010 tí Guangzhou fẹ́ gbàlejò Eré Ìdárayá Éṣíà ni wọ́n tó tún ṣí i. Omi padà. Ẹ̀kọ náà wà nílé oúnjẹ gbogbo. Àmọ́ àwọn ìyá tó ń bu ú láti inú ọkọ̀, tí àwọn ọmọ wọn ń sùn lẹ́yìn wọn, wọn ò padà.

Àwọn nǹkan yìí ni mo ń ṣe. Mo ti ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́kọ, mo fi àtè ìrẹsì Po-po lẹ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ náà ní láti ki díẹ̀ ju omi lọ, kó máa dán lójú, kí ẹ̀pà léfòó sórí rẹ̀ láì rì. Nígbà tí mo gbé e sọ̀kalẹ̀ fún Po-po, kò kọ́kọ́ sọ bóyá ó dára. Ó bi mí pé àtùpà dà. Ó ní kò sí ọkọ̀ tí kì í gbé àtùpà kọ́ iwájú, torí alẹ́ ni ọjà wọn ń yá jù. Mo ti fi àtùpà sí i.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń wá ra ọjà ní Guangzhou, mo mọ̀ pé Xiaobei àti ọjà aṣọ ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀, ibẹ̀ náà lẹ ti ń padà sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ keje oṣù keje ti kàlẹ́ńdà wọn máa ń bọ́ sí oṣù kẹjọ tiwa ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá bá yín níbẹ̀, ẹ ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Zhucun, ẹ mú ọmọ yín dání bí ẹ bá ní. Ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì máa lọ. Ẹ kí àwọn ìyá tó wà nídìí tábìlì, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é àti ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ̀yin tó sì ń fi fídíò iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó kọ́ yín sábẹ́ rẹ̀.